Ọ̀nà Tí Àlàáfíà Gbà Dé Ọ̀dọ̀ Wa

Ní ilẹ̀ Mòrókò, bí ẹnì kan bá figbe ta láàárín ọjà pé "l-afya! l-afya!", kí Yorùbá tó bá wà níbẹ̀ má ṣe rò pé àlàáfíà ni wọ́n ń tọrọ. Iná ló ń jó. Èdè Lárúbáwá ní orúkọ mìíràn fún iná, ìyẹn nar, ṣùgbọ́n orúkọ yìí kan náà ni wọ́n fi ń pe iná ọ̀run àpáàdì, àwọn ará Mòrókò kò sì fẹ́ máa dárúkọ rẹ̀ nínú ilé tí ọmọ wà. Wọ́n wá mú ọ̀rọ̀ tó tutù jù lọ lẹ́nu wọn, wọ́n fi pe ohun tó gbóná jù lọ. Kò yẹ kí èyí ṣe àjèjì sí wa. Àwa tí a ń pe ejò ní okùn bí ilẹ̀ bá ti ṣú, tí a ń pe Ṣànpọ̀nná ní Olóde kí inú rẹ̀ lè rọ̀, a mọ ìdí tí èèyàn fi ń fi ẹnu rere pe ohun tó ń bà á lẹ́rù.

Afya tí wọ́n ń ké yẹn ni àlàáfíà tiwa gan-an. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló gbà pé Yorùbá pọ́ńbélé ni, nítorí pé ó jọ aláàánú, ó jọ aláṣọ, ó jọ aláyọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí ohùn rẹ̀. Ohùn àárín ni aláṣọ fi ń bẹ̀rẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀ ni àlàáfíà fi ń bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun kan tó ń jẹ́ àfíà tí èèyàn lè ní, tí a ó fi wá máa pè é ní aláàfíà. Àl tó wà níwájú ọ̀rọ̀ yìí ni al ti èdè Lárúbáwá, èyí tó tún wà níwájú àlùbọ́sà, àlùbáríkà, Àlùkùránì àti àlùmọ́gàjí tí aránṣọ fi ń gé aṣọ. Al-afiya ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nílé, kó tó di pé ó gba ojú ọ̀nà wá sọ́dọ̀ wa.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀ jìnnà sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè rò. Kí Ìsìláàmù tó dé, àwọn akéwì ilẹ̀ Lárúbáwá fẹ́ràn láti máa bẹ̀rẹ̀ ewì wọn ní ahoro. Akéwì á dé ibi tí àwọn ènìyàn olólùfẹ́ rẹ̀ pàgọ́ sí nígbà kan, á bá a pé wọ́n ti ṣí lọ, pé afẹ́fẹ́ ti fẹ́ yanrìn bo ojú ibi tí wọ́n dáná sí. Afa ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń sọ pé ipa bẹ́ẹ̀ ti parẹ́. Labid, ọ̀kan nínú àwọn akéwì méje tí iyì ewì wọn ga jù lọ láyé ìgbà náà, ọ̀rọ̀ yìí gan-an ló fi ṣí ewì ńlá rẹ̀.

Láti inú yanrìn yẹn ni ìtumọ̀ mìíràn ti ń yọ. Ohun tí afẹ́fẹ́ ń ṣe sí ipasẹ̀ ni ẹni tó ń dárí jini ń ṣe sí ẹ̀ṣẹ̀: ó ń nù ún kúrò, a kì í sì rí ojú ibẹ̀ mọ́. Ìdí nìyẹn tí afw fi ń jẹ́ ìdáríjì, tí Al-Afuww, Ẹni tí ń nu ẹ̀ṣẹ̀ nù, fi wà lára orúkọ mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún tí àwọn Mùsùlùmí fi ń ké pe Ọlọ́run. Afw kan náà yìí wà nínú Súrà kejì nínú Àlùkùránì, ní ẹsẹ 219, níbi tí wọ́n ti béèrè ohun tí ó yẹ kí èèyàn máa fi tọrẹ. Ohun tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí ará ilé ti yó ni ìdáhùn. Bí ọkùnrin bá sì fi irùngbọ̀n rẹ̀ sílẹ̀ láìgé, inú ìdílé ọ̀rọ̀ yìí náà ni wọ́n ti ń mú ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń sọ ọ́. Ipa tó parẹ́, ẹ̀ṣẹ̀ tí a nù kúrò, oúnjẹ tó ṣẹ́ kù, irun tí abẹ kò kàn. Bí mo ti wò ó, ohun kan náà ló so gbogbo wọn pọ̀: a mú ọwọ́ kúrò lára nǹkan, nǹkan náà sì wà.

Afiya sì ni ti ara. Àrùn ti lọ, ìpalára ti lọ, ohun tó ṣẹ́ kù lára rẹ ni afiya. Kì í ṣe ohun tí a kó wá láti òde wá fi kún ènìyàn. Ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni, tí ibi kò bò mọ́. Àwọn Mùsùlùmí ń tọrọ rẹ̀ nínú ìrun wọn: nínú àdúrà tí ọ̀pọ̀ wọn ń ṣe ní ìjókòó tó wà láàárín ìforíkanlẹ̀ méjèèjì, wọ́n ń bẹ Ọlọ́run pé kó fún àwọn ní afiya, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àforíjì, àánú, ìmọ̀nà àti arísìkí. Alfa tó ń kírun ní Ìlọrin, ní Ìwó, ní Ẹdẹ, ti bá ọ̀rọ̀ yìí pàdé ní orísun rẹ̀ láìmọye ìgbà kí ọjọ́ tó kanrí. Bí ó bá sì dìde tó kí aládùúgbò rẹ̀, ó tún lò ó ní Yorùbá.

Ọ̀rọ̀ náà rìn jìnnà kúrò ní ilẹ̀ Lárúbáwá. Ní ilẹ̀ Tọ́kì, ẹni tó gbé oúnjẹ fún ọ á ní "afiyet olsun", kó di afiya fún ọ, gẹ́gẹ́ bí àwa ṣe ń sọ fún ẹni tó ń jẹun pé á gba ibi ire. Ẹbí rẹ̀ tó ń jẹ́ af wà nínú òfin wọn níbẹ̀: òun ni ìdáríjì tí ìjọba ń ṣe fún ẹlẹ́wọ̀n. Bí ará Índíà bá tẹ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀ nínú ọkọ̀, "maaf" tó máa fi bẹ̀bẹ̀ wá láti inú gbòǹgbò kan náà. Ní Indonéṣíà, ẹni tí ara rẹ̀ le dáadáa ni wọ́n ń pè ní "sehat walafiat". Bí wọ́n ṣe gbọ́ gbólóhùn náà lẹ́nu àwọn Lárúbáwá ni wọ́n gbé e mì lódindi, tó fi jẹ́ pé "àti" àti "al" ṣì há sínú rẹ̀ títí dòní.

Apá ìlà oòrùn Áfíríkà mú un lọ sí ọ́fíìsì. Àwọn elédè Swahili ń pe ìlera ní afya, Wizara ya Afya sì ni iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìlera ní Kẹ́ńyà àti Tànsáníà. Àwọn ará Sòmálíà so ìrù mọ́ ọn, wọ́n ń pè é ní caafimaad, òun náà ló sì wà lára pátákó iléeṣẹ́ ìlera wọn. Ọ̀dọ̀ àwọn wọ̀nyí, ọ̀rọ̀ náà ti di ti dókítà, ti abẹ́rẹ́ àti ti ilé ìwòsàn.

Èyí tó wù mí jù lọ nínú gbogbo wọn wà ní Lẹ́bánónì, Síríà, Jọ́dánì àti láàárín àwọn ará Palẹstínì. Ẹni tó bá ń kọjá lára bíríkìlà, lára obìnrin tó ń gbálẹ̀, lára awakọ̀ tó ń tún ọkọ̀ ṣe, á ní "Ya'tik el-afye", kí Ọlọ́run fún ọ ní afiya. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ á dáhùn nípa fífi ọ̀rọ̀ kan náà súre padà fún un. Ẹ kú iṣẹ́ ni wọ́n ń kí ara wọn! Àwa ń kí onídìrí pé ojú á gbooro, a ń kí aláró pé àrẹ̀dú, a ń kí àgbẹ̀ pé àrokòbọ́dúndé, olúkúlùkù pẹ̀lú ìkíni tirẹ̀. Àwọn fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kí gbogbo òṣìṣẹ́, ọ̀rọ̀ náà sì ni àlàáfíà. Wọ́n mọ̀ pé iṣẹ́ ń jẹ ara, wọ́n sì ń tọrọ pé kí ohun tí iṣẹ́ jẹ padà bọ̀ sípò.

Títí dé ibi tí a dé yìí, ọ̀rọ̀ yìí kò tíì di ìdàkejì ogun níbì kankan. Lárúbáwá tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ àìsí ogun láàárín ìlú méjì, salam ló máa mú lò. Bí wọ́n bá parí ìjà, tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé, afiya kọ́ ni wọ́n ń kọ sínú rẹ̀. Ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, lọ́dọ̀ tiwa níbí, ni ọ̀rọ̀ náà ti gba iṣẹ́ kejì mọ́ra. Mo rò pé ìkíni ló fà á.

Ẹ wo bí Hausa méjì ṣe ń kí ara wọn. Ilé ńkọ́? Lafiya. Ìyàwó ńkọ́? Lafiya. Iṣẹ́ ńkọ́, ìrìn àjò ńkọ́, ìlú tí o ti ń bọ̀ ńkọ́? Lafiya, lafiya, lafiya lau. Lọ́dọ̀ àwọn Mossi ní Bùkínà Fasò, ìdáhùn ni "laafi bala", àlàáfíà nìkan ló wà níbẹ̀. Àwọn Kabiye àti Kotokoli ní Tógò ń fi alafia dá ara wọn lóhùn ní òwúrọ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn Bàrìbá ṣe ń ṣe ní àríwá Bẹ̀nẹ̀. Níbi tí ìkíni bá ti rí báyìí, a kò lè béèrè nípa ara ẹnì kan kí a dúró síbẹ̀. A ó béèrè ẹran ọ̀sìn, a ó béèrè òjò, a ó béèrè baálẹ̀ àti ará àdúgbò. Ọ̀rọ̀ tó bá sì lè dáhùn fún ara, fún ilé àti fún ìlú lẹ́ẹ̀kan náà gbọ́dọ̀ fẹ̀. Bí ìlú bá wà ní lafiya, a jẹ́ pé kò sí ogun níbẹ̀. Bí ara bá wà ní lafiya, a jẹ́ pé kò sí àrùn. Hausa wá ń pe àìsàn ní rashin lafiya, ìyẹn àìní lafiya, ó ń pe ìrẹ́pọ̀ ní zaman lafiya, ìyẹn gbígbé pọ̀ nínú lafiya.

Nítorí bí ó ti fẹ̀ tó yìí ni ìjọba fi ń wá a lò. Ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, Alafia ni wọ́n sọ ètò ẹ̀yáwó kékeré tí ìjọba ń fún àwọn obìnrin oníṣòwò nípasẹ̀ fóònù. Ní Nàìjíríà, nígbà tí iléeṣẹ́ ológun ń wá orúkọ fún ogun tí wọ́n ń bá Boko Haram jà ní 2015, Lafiya Dole ni wọ́n sọ ọ́, èyí tó túmọ̀ sí pé dandan ni àlàáfíà. Ọdún 2021 ni wọ́n pa orúkọ yẹn tì, tí wọ́n sì mú Hadin Kai, ìṣọ̀kan, dípò rẹ̀. Ó ń dùn mí bí mo bá rántí orúkọ àkọ́kọ́ yẹn. Mo mọ ohun tí ó fà á, mo sì mọ iye ìlú tí ó ti di ahoro ní Borno. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó ń sọ nípa mímú ọwọ́ kúrò lára nǹkan kò bá dandan rìn.

Ọ̀nà méjì ni ọ̀rọ̀ Ìsìláàmù gbà wọ ilẹ̀ Yorùbá. Ọ̀kan gba ọwọ́ Hausa láti òkè ọya. Èkejì ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìwọ̀ oòrùn ló ti wá, lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò Mali àti Songhai. Ọ̀jọ̀gbọ́n ará Jámánì kan, Stefan Reichmuth, ṣe iṣẹ́ pàtàkì lórí ọ̀nà kejì yìí ní 1988, nígbà tó kọ̀wé lórí àwọn ọ̀rọ̀ Songhai tó wà nínú Yorùbá. Nípasẹ̀ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni a fi mọ̀ pé àlùfáà bá alfa àwọn Songhai tan. Ẹ̀rí rẹ̀ wà lẹ́nu wa lójoojúmọ́: ẹ̀sìn Ìmàle ni àwọn bàbá wa ń pe Ìsìláàmù, Mali sì ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé orúkọ náà ń tọ́ka sí.

Ọ̀nà yòówù tí àlàáfíà gbà nínú méjèèjì, bó ṣe wọlé tán, kò dúró sí mọ́ṣáláṣí. Ó wọ ojúbọ. Nínú ìwúre, a ń tọrọ ire owó, ire ọmọ, ire àlàáfíà, ire àìkú, babaláwo tí kò kírun rí láyé rẹ̀ sì ń pè é láìbéèrè ibi tó ti wá. Ó wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí Ajayi Crowther àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ń túmọ̀ Bíbélì, iṣẹ́ tó parí ní 1884, wọ́n ní láti wá ọ̀rọ̀ tó lè gbé shalom àwọn Hébérù. Shalom náà kì í ṣe àìsí ogun nìkan. Ó jẹ́ kí nǹkan pé, kí ara dá, kí ilé tòrò, Hébérù méjì sì ń fi kí ara wọn. Àlàáfíà ni wọ́n mú. Òun ló wà nínú orúkọ Ọmọ-Aládé tí wọ́n ń kà ní gbogbo ọdún Kérésìmesì. Àlùfáà tó ń ka ìwé náà sórí àga ìwàásù ń jẹ oyè tó ti ọwọ́ Mùsùlùmí wá, àdúrà tó ń gbà àti wàásù tó ń ṣe náà ní orúkọ tó ti ibẹ̀ wá. Ẹni tó bá ń sọ pé ẹ̀sìn mẹ́ta kò lè gbé ilẹ̀ Yorùbá pọ̀, kí ó kọ́kọ́ wá ọ̀nà tí yóò fi gbàdúrà láìlo ọ̀rọ̀ aládùúgbò rẹ̀.

Ó tún bá ẹrú lọ sókè òkun. Nígbà tí ìjọba Ọ̀yọ́ ń fọ́, tí ogun gba gbogbo ilẹ̀ kan, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Yorùbá ni wọ́n tà sí Bàhíà ní Bùràsíìlì àti sí Kúbà. Mùsùlùmí wà nínú wọn. Malê ni wọ́n ń pè wọ́n ní ìlú Salvador ní Bàhíà, ìyẹn Ìmàle wa, àwọn ló sì dìde sí àwọn olówó ẹrú mọ́jú ọjọ́ 25 oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ ọdún 1835, bí oṣù Ramadan ti ń lọ sópin. Wọ́n ṣẹ́gun wọn kí ọjọ́ tó là tán. Lára àwọn tí wọ́n mú ni ọlọ́pàá ti rí àwọn tírà tí wọ́n fi èdè Lárúbáwá kọ. Wọ́n pa nínú wọn, wọ́n na nínú wọn, wọ́n lé ọ̀pọ̀ padà sí Áfíríkà, ẹ̀sìn wọn sì ń rọ lọ́hùn-ún díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wọn kò rọ. Àwọn olórìṣà ló bá wọn tọ́jú rẹ̀. Títí dòní, nínú àwọn ilé òrìṣà tí wọ́n ń pè ní Candomblé ní Bàhíà, bí wọ́n bá da obì, tí awẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣíjú sókè, aláfia ni wọ́n ń pè é. Ní Kúbà, obì kò wọ́pọ̀ níbẹ̀, àgbọn ni àwọn olórìṣà tí wọ́n ń pè ní Lukumí fi rọ́pò rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ègé àgbọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá fi inú funfun hàn, Alafia ni. Ó tutù, ó dára, ẹnu òrìṣà ṣí. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ àgbà wọn kì í gbà á bẹ́ẹ̀ kí wọ́n dìde. Wọ́n ní kí a tún un dà, kí àmì mìíràn wá fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Méjì funfun, méjì dúdú, tí wọ́n ń pè ní Eyife, ni wọ́n kà sí bẹ́ẹ̀ ni tó dúró gbọn-in. Mo ti ro èyí gan-an. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú, tí wọ́n ń sun inú oko ìrèké, mọ̀ pé ohun tó funfun pátápátá lójú kò tó láti gbẹ́kẹ̀ lé.

Nílé níbí, nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rọ̀ yìí tí mi ò fẹ́. Ẹ gbọ́ ìròyìn lórí rédíò. Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn, ìlera ni wọ́n ń lò: iléeṣẹ́ ètò ìlera, kọmíṣánnà fún ètò ìlera. Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ àwọn darandaran àti àgbẹ̀, ìgbà yẹn ni àlàáfíà máa ń jáde, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ètò ààbò. Wọ́n ti pín ọ̀rọ̀ náà sí méjì, wọ́n sì ju ìdajì rẹ̀ nù. Ìlera dára, ara tó le ló wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ara nìkan ló wà níbẹ̀. Nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè jọ kọ ìwé òfin Àjọ Elétò Ìlera Lágbàáyé ní New York ní 1946, wọ́n ṣe làálàá láti ṣàlàyé pé ìlera kò dúró sí àìsí àrùn, pé kí ara dá, kí ọkàn dá, kí ìbágbépọ̀ sì dá. Odindi gbólóhùn ni wọ́n fi sọ ọ́. Ìyá àgbà tó jí ní Ọ̀ffà tó béèrè pé "Ṣé àlàáfíà lẹ jí?" ti béèrè gbogbo rẹ̀.

Ibi tí ó ti ń ṣèpalára jù lọ ni ọ̀rọ̀ àìsàn ọkàn. "Ìlera ọpọlọ" ni àwọn oníròyìn àti àwọn elétò ìlera ti gbé jáde báyìí fún ìtọ́jú àwọn tí ìrònú, ìbẹ̀rù tàbí ìbànújẹ́ ti borí. Iṣẹ́ rere ni wọ́n ń ṣe, ọkàn rere ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Ṣùgbọ́n kò sí Yorùbá kan tó máa gbọ́ pé ọpọlọ òun nílò ìtọ́jú tí wèrè kò ní í kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn. Abiyamọ tí kò rí oorun sùn láti ìgbà tó ti bímọ, tí omijé kàn ń dà lójú rẹ̀, á ní ọpọlọ òun pé, òun kì í ṣe aláìsàn, á sì padà sílé láìsọ ohun kan. Nọ́ọ̀sì tó bá bi í pé "Ṣé ẹ ní àlàáfíà lọ́kàn?" kò fi orúkọ burúkú kan án. Ọ̀nà wà fún un láti dáhùn pé òun kò ní, kí ó sì sọ ohun tó gbà á lọ́wọ́ òun: oorun, ọkọ, owó oúnjẹ, ọ̀rọ̀ tí ìyá ọkọ sọ. Àlàáfíà ọkàn ni kí a kọ sára pátákó àwọn ilé ìwòsàn wọ̀nyẹn, kí àwọn akọ̀ròyìn sì máa lò ó. A ti ní ọ̀rọ̀ náà láti ọjọ́ pípẹ́, gbogbo ẹ̀sìn wa ló mọ̀ ọ́n, kò sì sí aláìsàn tí yóò sá fún un.